Kọ́mpósì ìgbẹ́ erin wa gbóná débi tó yẹ, síbẹ̀ ó ba tòmátì olóko jẹ́

Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè ni fóònù yẹn wọlé, mo sì ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó gbé e torí mo rò pé màmá tó ń pè tún fẹ́ gba kọ́mpósì sí i ni, ìyẹn ajílẹ̀ tá a fi ìgbẹ́ ẹranko àti ewé ṣe, wọ́n ti gba lọ́rì kan lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀ fún ọgbà ewébẹ̀ tí àwọn aládùúgbò wọn jọ ń dá. Wọn ò tiẹ̀ dúró kí n kí wọn tán. "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kó sínú nǹkan yìí? Gbogbo tòmátì mi ló ká jọ bí ọmọ tí inú ń run."

Wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́. Ewé tó ti wà tẹ́lẹ̀ ká sókè bíi ṣíbí, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ tín-ín-rín, ó lọ́ mọ́ra, orí igi náà wá dà bí irun tí iná rà. Ẹ̀wà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àgbàdo tó wà lórí ebè kejì, kọ́mpósì kan náà ni wọ́n fi sí i, ó ń dán, ó ń ga. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àgbàdo yẹn sọ́kàn o, torí èmi ò fi sọ́kàn lọ́jọ́ náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló sì fi ṣòfò fún wa.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Èmi ni mo ń bójú tó ìdọ̀tí nínú ọgbà ẹranko kan, gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá jù nù níbẹ̀ ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀, yálà èèyàn ló jù ú nù tàbí erin. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ike àti páálí tí àwọn àlejò ń jù sílẹ̀ ló pọ̀ jù, rárá o, ìgbẹ́ ni, ìgbẹ́ àti koríko tí ẹranko sùn lé. Erin tó ti dàgbà lè jẹ ju kílò 100 lọ lóòjọ́, inú ẹ̀ ò sì lè lọ ìdajì nínú ẹ̀, ìyókù á gba ẹ̀yìn jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ bó ṣe wọlé, tẹ́ ẹ bá fọ́ ìgbẹ́ erin sí méjì ẹ máa rí koríko tó ṣì ń jẹ́ koríko nínú ẹ̀, pẹ̀lú èèpo igi. Fún ẹni tó ń ṣe kọ́mpósì, ẹ̀bùn gidi nìyẹn. Kò rùn bíi ti ẹran tó ń jẹ ẹran, ó ti rin, afẹ́fẹ́ sì ń ráyè wọ inú ẹ̀. Ti àgbáǹréré náà dára, ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà dára, ti àgùnfọn kàn dà bíi ti ewúrẹ́ tó tóbi díẹ̀ ni, ẹni tí ò mọ̀ ò ní gbà pé ẹranko tó ga tó yẹn ló yàgbẹ́ wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n máa ń ní ààtàn kì í kọ ìdọ̀tí. Tiwa ń kọ ọ́. Ìgbẹ́ kìnnìún àti ti ẹkùn ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, torí gbogbo ẹbí ológbò ló lè gbé kòkòrò Toxoplasma, tó léwu fún aboyún. Ti ọ̀bọ àti ìnàkí náà ò gbọdọ̀ dé bẹ̀, wọ́n sún mọ́ wa jù, ohun tó bá ń ṣe wọ́n lè ṣe wá. Ejò, alángbà àti ìjàpá máa ń gbé Salmonella, bakitéríà tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún èèyàn, kiri láìṣàìsàn rárá. Inú ike onídèérí pupa ni gbogbo ìwọ̀nyẹn ń lọ, ọkọ̀ mìíràn ló sì ń wá gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń sun wọ́n. Ẹni tó bá da ti kìnnìún mọ́ ti erin, ọjọ́ yẹn á gùn fún un lọ́dọ̀ ọ̀gá wa.

Ìyókù wá ń bọ̀ sí pápá ẹ̀yìn. A máa ń pò ó pọ̀ mọ́ ewé gbígbẹ, èèpo igi tí ẹ̀rọ ti lọ̀, àti ẹ̀fọ́ tó ṣẹ́kù ní kíṣìnnì àwọn ẹranko, kí ohun gbígbẹ àti ohun tútù lè bára mu. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń sọ pé kí kábọ́ọ̀nù, tó pọ̀ nínú ohun gbígbẹ, jẹ́ bí ìlọ́po 25 sí 30 náítrójìn, tó pọ̀ nínú ohun tútù, lọ́wọ́ tiwa, a kàn máa ń fọwọ́ fún un ni: tí omi bá kán tótó méjì mẹ́ta, ó ti tó, tó bá ń ṣàn, ó ti pọ̀, kí wọ́n tún gbé èèpo igi wá. A ó wá tò ó bí òkìtì gígùn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan àwọn kòkòrò àìfojúrí á ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òkìtì á máa rú èéfín láàárọ̀ bí ìkòkò tó wà lórí iná. Òfin tí à ń tẹ̀ lé ni èyí tí ọ̀pọ̀ ibi ń lò: kí inú ẹ̀ má lọ sílẹ̀ ju 55°C fún ọjọ́ 15, ká sì tú u yí ká ó kéré tán lẹ́ẹ̀ márùn-ún láàárín ọjọ́ yẹn, kí ti òde lè di ti inú. Ooru yẹn ń pa ẹyin aràn, ó ń pa bakitéríà burúkú, ó ń pa kóró èpò. Tó bá sì ti ń sún mọ́ 70, ẹ tètè tú u, torí ó ti ń pa àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Mo ní tẹmọ́mítà tí irin ẹ̀ gùn tó mítà kan. Mo ní ìwé tí mo ń kọ ọ́ sí, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ìwé yẹn dùn mọ́ mi débi pé nígbà tí màmá pè, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni pé kọ́mpósì wa ti gbóná débi tó yẹ, 61 ló wà ní ọjọ́ kẹrin. Wọ́n ní, "Ṣé ìba ni mo ní ẹ wá yẹ̀ wò ni?"

Ọ̀gá wa gbọ́, ẹjọ́ kọ́ọ̀pù ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Ó ní ìdí o. Láti bí ọdún kan ni à ń bá ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀pù fà á. Ilé oúnjẹ inú ọgbà ti pa ike tì, wọ́n ra kọ́ọ̀pù tí wọ́n fi àgbàdo ṣe, èyí tí wọ́n kọ sí lára pé ó lè jẹrà. Lójú, kọ́ọ̀pù yẹn àti kọ́ọ̀pù ike dà bí ìbejì. Àlejò ń da tibí sí tọ̀hún, àwọn tó ń tún ike lò ń kọ ike wa padà torí èyí tó lè jẹrà ti wọnú ike, èmi náà ń ṣa ike gidi nínú òkìtì. Kò tiẹ̀ rọrùn kí èyí tó lè jẹrà gan-an jẹrà, ó fẹ́ ooru tó dúró pẹ́, mo ti rí i tó jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tó kàn rọ̀ bí ẹni tó rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan a da ike ìdọ̀tí 20 sórí tapólì tá a tẹ́ sílẹ̀, àwa mẹ́fà wọ ìbọ̀wọ́, a ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tá a rí ni pé ọ̀rọ̀ náà ò sí nínú ìkọ̀wé tó wà lára ike, kò sẹ́ni tó ń ka ìwé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ọmọ lọ́wọ́. Ibi tí ike ìdọ̀tí bá dá dúró, gbogbo nǹkan ló ń wọ ibẹ̀. Ibi tí méjèèjì bá wà pọ̀, tí ihò ọ̀kan rí róbótó tí ihò èkejì fẹ̀ pẹlẹbẹ, ọwọ́ ń dá mọ̀ ọ́n fúnra ẹ̀. A yí gbogbo ẹ̀ padà. A tún ní kí wọ́n má fi ìdérí kọ́ọ̀pù àti ọ̀pá ike tí wọ́n fi ń fa nǹkan mu fún àlejò mọ́, kì í ṣe torí kọ́mpósì o, torí ẹranko ni, afẹ́fẹ́ kan péré ti tó láti gbé e sọ inú ọgbà wọn, ẹ̀dá tí ò mọ ike sì lè gbé e mì. Ohun kan tí kò sẹ́ni tó bá mi jà sí ni okùn tí wọ́n fi ń di koríko, okùn aláwọ̀ búlúù yẹn, ó ń wé mọ́ ẹ̀rọ tó ń tú òkìtì bí ejò, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bà á jẹ́. Ó ti wá di òfin báyìí pé ẹni tó bá tú koríko ló máa ka okùn rẹ̀ padà sínú àpò.

Mo sọ gbogbo èyí kí ẹ lè mọ ìdí tá a fi lọ bá kọ́ọ̀pù. Àmọ́ ike kì í ká ewé tòmátì. Ike á kàn jókòó síbẹ̀.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Bóyá kò tíì jinná: kọ́mpósì tó ṣì tutù máa ń rùn bí ìtọ̀, ó lè jó gbòǹgbò. A fi sínú ìgò, a dé e fún ọjọ́ mẹ́ta, a ṣí i, òórùn igbó lẹ́yìn òjò ló jáde. Bóyá iyọ̀ ló pọ̀ nínú ẹ̀: a wọ̀n ọ́n, ó wà níbi tó yẹ. Bóyá màmá ló bomi jù: èyí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé mo rò ó. A tún gbin koríko sínú díẹ̀ nínú ẹ̀ ká lè rí i bóyá nǹkan á hù, ó hù wìtìwìtì, inú wa dùn, a ní ẹ ò rí i, kò sí nǹkan kan. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ó dáa. Ìtìjú ìlà yẹn ṣì ń mú mi tí mo bá ṣí ìwé yẹn.

Bàbá kan wà lọ́dọ̀ wa tí wọ́n ń tọ́jú erin, wọ́n ti sin màlúù fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó dé ibí. Wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń wo fọ́tò náà lórí fóònù. Wọ́n wò ó bíi ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, àgbàdo ń kọ́? Àgbàdo ṣe dáadáa?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. "Koríko tó o gbìn náà hù?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Àgbàdo, koríko ni òun náà. Ohun tó ń pa eléwé fẹ̀ẹ̀ tó ń dá koríko sí, kí ni wọ́n ń pè é?"

Oògùn apèpò. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn oògùn kan wà, clopyralid, aminopyralid, picloram, iṣẹ́ wọn ni pé wọ́n máa ń pa èpò eléwé fẹ̀ẹ̀ nínú pápá koríko, wọn ò sì ní fọwọ́ kan koríko fúnra ẹ̀. Ẹranko tó bá jẹ koríko yẹn, kì í ṣe é ní nǹkan kan, oògùn náà á kàn gba inú ẹ̀ kọjá, á bá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ jáde, agbára ẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀. Inú kọ́mpósì náà, kì í tètè bàjẹ́, ó ń fara mọ́ ara koríko tó le, ooru tí mo fi ń yangàn yẹn ò ṣe é ní nǹkan kan. Tòmátì, ẹ̀wà, pòtétò àti òdòdó oòrùn ò lè gba díẹ̀ nínú ẹ̀ mọ́ra. Tí clopyralid bá tó gíráàmù 10 nínú kọ́mpósì tọ́ọ̀nù 1,000, ẹ̀wà ti mọ̀. Kò sí imú tó lè gbọ́ òórùn ìyẹn.

Kì í ṣe tuntun o. Ní nǹkan bí ọdún 2000, kọ́mpósì ìlú Spokane ní ìpínlẹ̀ Washington l'Amẹ́ríkà ba ọgbà àwọn èèyàn jẹ́ torí clopyralid, ti yunifásítì ìpínlẹ̀ náà ní Pullman náà bọ́ sínú ẹ̀. Ní 2008, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kàn, àwọn tó ń dá oko kéékèèké ra ìgbẹ́ ẹṣin, tòmátì wọn ká, ìjọba dá aminopyralid dúró lọ́dún yẹn. Gbogbo ẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí n tó débẹ̀, èmi ni mi ò kà á.

Ilé àyẹ̀wò tó lè wọn nǹkan tó kéré báyẹn wọ́n gan-an, bàbá náà ní ẹ̀wà ò wọ́n. Bá a ṣe ṣe é nìyí. A po kọ́mpósì àti yẹ̀pẹ̀ mímọ́ ní ìdajì-ìdajì, a kó o sínú ìkòkò mẹ́ta mẹ́ta fún òkìtì kọ̀ọ̀kan, a tún ní mẹ́ta tó jẹ́ yẹ̀pẹ̀ mímọ́ nìkan ká lè rí ohun tá a máa fi wé e. Ẹ̀wà mẹ́ta nínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Ìkòkò kọ̀ọ̀kan ní àwo tiẹ̀ lábẹ́, torí tí omi bá ṣàn látinú èyí tó lóògùn bọ́ sínú èyí tí ò ní, ẹ ti ṣiṣẹ́ lásán. Kí ẹ sì dúró kí ewé mẹ́ta-mẹ́ta yọ dáadáa, torí ewé méjì àkọ́kọ́ lè máa tàn yín jẹ, inú kóró ni wọ́n ti jáde.

Lọ́jọ́ 18 kò sí àríyànjiyàn mọ́. Ti yẹ̀pẹ̀ mímọ́ na ewé pẹrẹsẹ. Ti òkìtì kẹta àti ìkẹrin ká bí etí ajá.

Ibi tó wá dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni bá a ṣe wá orísun ẹ̀. A gba ìgbẹ́ ẹranko kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, a ṣe ìdánwò ẹ̀wà fún ìkọ̀ọ̀kan. Ti erin ká. Ti àgbáǹréré ká. Ti àgùnfọn na gbọnrangandan, ẹ̀wà ẹ̀ tiẹ̀ dáa ju ti yẹ̀pẹ̀ mímọ́ lọ. Mo ní kí ló dé? Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí làgùnfọn ń jẹ? Ewé igi àti alfalfa. Alfalfa sì nìyí, ẹbí ẹ̀wà ni, ẹni tó bá fín oògùn yẹn sínú oko alfalfa, oko ẹ̀ ti kú nìyẹn, kò lè rí nǹkan kan kórè tà fún wa. Erin àti àgbáǹréré ló ń jẹ koríko lásán, koríko yẹn ló sì wá látọ̀dọ̀ ẹni tuntun tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rà lọ́wọ́ ẹ̀. A rẹ koríko náà sínú omi, a fi omi yẹn bomi rin ẹ̀wà. Ó ká.

Mo pe ọkùnrin náà pẹ̀lú ìbínú, ká má purọ́. Kò jiyàn rárá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun fín pápá òun, ó wà lára ike oògùn náà pé kí ìgbẹ́ ẹran tó bá jẹ koríko yẹn má kúrò lóko. Ó ní òun rò pé koríko ẹranko la fẹ́ rà, kò sẹ́ni tó sọ fún òun pé a ń fi ìgbẹ́ ẹ̀ tọrẹ. Mo fẹ́ fèsì, mi ò rí nǹkan kan sọ. Òótọ́ ni, a bi í bóyá koríko ẹ̀ ti hu olú, a bi í nípa eruku, a bi í nípa owó. Oògùn, a ò bi í.

Àmọ́ ẹ̀bi tó dùn mí jù, tèmi ni. Ìwé ooru mi péye, ó ní déètì, ó ní wákàtí, ṣùgbọ́n kò sí ibì kan tí mo kọ ọ́ sí pé òkìtì wo ló lọ sọ́dọ̀ ta ni. Nígbà tó wá yẹ ká pe àwọn tó gbà á, gbogbo ẹni tó ti gba kọ́mpósì láti oṣù márùn-ún la ní láti pè, títí kan ọ̀pọ̀ tí kọ́mpósì tiwọn dáa. Àwọn kan ti kó tiwọn dànù kí ìdánwò tó jáde. Mi ò lè bá wọn jà.

Ọgbà màmá, a lọ síbẹ̀ àwa mẹ́rin pẹ̀lú ṣọ́bìrì. A kó yẹ̀pẹ̀ òkè kúrò níbi tó pọ̀ sí, èyí tó ṣẹ́kù a po èédú tí wọ́n ti ṣe lọ́nà àkànṣe mọ́ ọn, irú èyí tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, ó máa ń fa oògùn náà mọ́ra. A ní kí wọ́n gbin àgbàdo síbẹ̀ ní àsìkò yìí, kí wọ́n má gbin ẹ̀wà. Inú ilẹ̀ náà, kòkòrò àìfojúrí á rọra jẹ ẹ́ tán, ó lè gba oṣù, ó lè gba ju ọdún kan lọ, ó dá lórí ooru, omi àti bí wọ́n ṣe ń tú u tó. Òkìtì méjì tó lóògùn, a tàn án sórí koríko etí ọ̀nà mọ́tò inú ọgbà, níbi tí ẹranko kankan ò ti ń jẹun tí ẹnikẹ́ni ò sì ní gé e fi ṣe kọ́mpósì.

Ẹnìkan ní ọ́fíìsì ní ká kúkú pa kọ́mpósì tì, ká ṣe bíi ti ọgbà ẹranko Detroit l'Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ tó ń sọ ìgbẹ́ di gáàsì ní 2017. Mi ò lòdì sí i, ẹ̀rọ tó dáa ni, iná ń wá látinú ẹ̀. Àmọ́ ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn gáàsì, ṣebí inú ilẹ̀ náà ni wọ́n ń dà á padà sí. Oògùn yẹn ò bá gáàsì lọ. Ẹ̀wà la tún máa lọ bẹ̀.

Báyìí, koríko tó bá wọlé, ẹni tó tà á á fọwọ́ sí ìwé pé òun ò fín irú oògùn bẹ́ẹ̀ sí i, a sì tún ń rẹ díẹ̀ nínú lọ́rì kọ̀ọ̀kan sómi fún ẹ̀wà nígbà tí ìyókù ṣì wà ní ilé ìkóǹkansí. Òkìtì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí igi tá a rì mọ́lẹ̀, nọ́ńbà yẹn ń bá a lọ sórí rísíìtì. Ti erin àti ti àgbáǹréré ń dá wà títí ẹ̀wà á fi sọ̀rọ̀. Ojú fèrèsé mi kún fún ìkòkò, ẹni tó bá wọlé á rò pé àgbẹ̀ ni mí.

Màmá wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. A ní òkìtì keje ti yege, wọ́n ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n yọ tòmátì kékeré kan látinú báàgì wọn, wọ́n bu kọ́mpósì òkìtì keje fúnra wọn, wọ́n gbìn ín, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi, wọ́n ní òpin oṣù làwọn ń bọ̀. Ó ti ní ewé tuntun mẹ́rin, gbogbo ẹ̀ pẹrẹsẹ. Wọ́n ní kí n máa bomi rin ín, kí n má sì fọwọ́ kan nǹkan mìíràn lára ẹ̀.